Bí a Ṣe Ń Padà sí Ẹran Jíjẹ Lẹ́yìn Ọdún Gbọọrọ

Ẹ má fi súyà bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé òórùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ fa ènìyàn lálẹ́ ní gáréèjì, mo sì mọ̀ pé òun gan-an ni ọ̀rẹ́ yín máa rà wá láti fi bá yín yọ̀. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ fún àwọn ọmọ. Ẹni tí kò fẹnu kan ẹran láti ìgbà pípẹ́, inú ọbẹ̀ ló yẹ kó ti bá a pàdé, kí ó wẹ́, kí ó kéré, láàárín àwọn nǹkan tí ikùn rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí àwọn ìyá wa nílẹ̀ Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ṣe ń fi ẹran sí ọbẹ̀ nígbà tí owó ò sí nìyẹn, mi ò sì tíì rí ọ̀nà tó sàn jù ú lọ.

Oúnjẹ ni mo ń tà ní Kàbà. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ láàárọ̀, iyán lọ́sàn-án, bí ìnáwó bá sì délẹ̀, wọ́n á pè mí lọ sí Ìyàrá, sí Mòpà, nígbà mìíràn títí dé Ìsánlú, kí n wá dáná. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń se ẹran fún ará ìlú, èmi fúnra mi kì í jẹ ẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò. Èkó ni mo ti kó ìwà náà wálé. Mo bá ìdílé kan tó wá láti Gujarat nílẹ̀ Íńdíà dáná, ẹ̀sìn wọn kò sì jẹ́ kí ẹran, ẹja tàbí ẹyin wọ ilé wọn. Ohun tí wọ́n bá jẹ ni mo ń jẹ: ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní dal, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi, búrẹ́dì pẹlẹbẹ orí agbada, yúgọ́ọ̀tì, àti paneer, tí òun àti wàrà àwọn ìyá Fúlàní lọ́dọ̀ wa jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ bí òfin ilé oníṣẹ́. Nígbà tó yá, ọkàn èmi náà kúrò lára ẹran, mo sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo padà wálé.

Ilé ni nǹkan ti yí. Ní Èkó, mílíìkì ń wọnú mi tàárọ̀-talẹ́. Ní Kàbà, mílíìkì di ohun tí a ń kán sórí tíì. Fítámì kan wà tí wọ́n ń pè ní B12, òun ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń dáàbò bo àwọn iṣan tí a fi ń mọ ìrora àti ìfọwọ́kàn. Kò sí nínú ẹ̀fọ́, kò sí nínú ẹ̀wà, kò sí nínú èso. Ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì ni ibùgbé rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn a máa kó o pamọ́ fún ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tí àìtó rẹ̀ kì í fi í yára hàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni tèmi ti kọ́kọ́ hàn: ó ń ṣe mí jìnnìjìnnì, mi ò sì mọ ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni àárẹ̀ dé, ahọ́n mi sì ń ta mí. Dókítà ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Èsì jáde pé ẹ̀jẹ̀ ò tó, B12 sì ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Bí irú èyí bá ti hàn lára yín, ẹran nìkan kọ́ ni ìwòsàn rẹ̀ o. Abẹ́rẹ́ tàbí oníhóró B12 tí dókítà bá kọ ni kí ẹ lò. Ẹ má sì lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ lásán ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kí ẹ wá rò pé ó parí. Folic acid, tó máa ń wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dára lójú àyẹ̀wò nígbà tí iṣan ara ṣì ń bàjẹ́ lọ nísàlẹ̀. Àgbàlagbà kò nílò ju máíkírógíráàmù 2.4 B12 lọ lójúmọ́. Ohun kékeré ni, àmọ́ kò ṣe é fò. Ẹni tó ń jẹ ẹyin, tó ń mu mílíìkì déédéé, tàbí tó ń lo oníhóró rẹ̀, lè wà títí ọjọ́ ogbó láìfẹnu kan ẹran. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ikú dẹ́rù bà yín kí ẹ lè jẹ ẹran, ẹ má dá a lóhùn. Bó bá sì jẹ́ pé ẹran kàn ń wù yín jẹ ni, ìyẹn náà tó ìdí. Mi ò ní bi yín léèrè.

Wọ́n á sọ fún yín pé ikùn yín ti gbàgbé ẹran, pé ẹ máa kú inú rírun. Irọ́ ni. Ohun tí ara fi ń da ẹ̀wà àti wàrà ló fi ń da ẹran, kò sì fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kankan ní gbogbo ọdún tí ẹ fi ń jẹ ẹ̀fọ́. Ohun tó ń mú inú kún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀rá, àti ẹran tó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, àti bí ènìyàn ṣe ń torí ẹran pa ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tì lójijì. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-tín tó ń gbé inú ìfun wa máa ń yí padà láàárín ọjọ́ mélòó kan bí oúnjẹ bá ti yí. Ẹ fún wọn láyè. Inú lè wú díẹ̀, ìgbẹ́ lè le. Omi, ọsàn àti ẹ̀fọ́ ló máa bá yín tún un ṣe. Àmọ́ bí ètè tàbí ojú bá wú, bí ara bá ń yún tí èémí sì ń há, tàbí tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru kọ̀ tí wọn ò dá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kì í ṣe àgbo.

Ẹni tí kì í jẹ ẹyin rárá tẹ́lẹ̀, ẹyin ni kó kọ́kọ́ padà sí: kó sè é kó yi, ìdajì ẹyọ kan lórí ẹ̀kọ tàbí nínú ọ̀lẹ̀lẹ̀. Kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ sórí ìkòkò.

Ìkòkò tí mo fi padà ni ọbẹ̀ ìṣápá oní-ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹja kíkà. Mo yan ẹja gbígbẹ nítorí pé òórùn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí imú ẹnikẹ́ni tí wọ́n tọ́ dàgbà níhìn-ín, kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀ sórí pẹpẹ. Ẹja wa kì í ti ọ̀nà jíjìn wá. Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, kò jìnnà sí wa, àwọn obìnrin tó ń kó ẹja sì máa ń gbé e dé Kàbà nínú apẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ gbé e lọ́wọ́. Ẹja tó gbẹ dáadáa fúyẹ́, ó sì le. Èyí tó bá rọ̀ láàárín máa bu kó tó di ọ̀la. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan kí ẹ wo inú rẹ̀ bóyá kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: èéfín igi ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí òórùn oògùn apakòkòrò bá ta sí yín nímú, ẹ dá a padà, bó ti wù kó dọ́pọ̀ tó. Àwọn oníwàkuwà kan ń fi oògùn lé kòkòrò lára ẹja, irú rẹ̀ kò sì ṣe é fi omi fọ̀ kúrò.

Ìṣápá náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹ sè é, ẹ dà á sínú ajọ̀, ẹ fún omi kíkan rẹ̀ nù, ẹ tún fi omi tútù ṣàn án. Àwọn kan ń fi kán-ún díẹ̀ sí i. Èmi kì í fi sí i, mo fẹ́ràn kó kan díẹ̀. Ẹ da omi gbígbóná oníyọ̀ sórí ẹja kíkà kí ó lè rọ̀, ẹ là á, ẹ yọ egungun àárín àti gbogbo ohun dúdú inú rẹ̀. Ẹ gbé epo kaná, kí ó má gbóná jù, ẹ fi alùbọ́sà, ata gígún àti irú sí i. Ẹ pò ẹ̀gúsí, kí ẹ máa fi síbi sọ ọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má rò ó títí yóò fi dì. Ìgbà náà ni kí ẹ da ìṣápá sí i, kí ẹ gbé ẹja lé e lódindi. Mo ní lódindi o, ẹ má fọ́ ọ sínú ọbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ rè é. Lọ́jọ́ kìíní, ọbẹ̀ nìkan ni kí ẹ bù sórí iyán. Adùn ẹja ti wọnú rẹ̀, àmọ́ ẹja fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú ìkòkò. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ sùn, kí ẹ wo bí ara ṣe rí. Bí kò bá sí wàhálà, ẹ bù ú bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ wá fọ́ ìwọ̀n tí ìka méjì lè gbé sí i. Ẹnu tó ti pẹ́ tó ti jẹ nǹkan báyìí lè kọ̀ ọ́ ju ikùn lọ. Ẹlòmíràn á ní òun kàn fẹ́ bì nítorí bó ṣe rí lẹ́nu nígbà tó ń jẹ ẹ́. Ẹ má fipá mú un mì. Ẹ gbé ọbẹ̀ jẹ, kí ẹ tún dán an wò lọ́jọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn ẹja gbígbẹ ni ẹja tútù, àrọ̀ tàbí èpìyà, nínú omi ata tí a fi efinrin sí. Ẹja máa ń jinná kíákíá, kì í le lẹ́nu, ọ̀rá inú rẹ̀ sì wúlò fún ọkàn. Bí ẹ bá dúró síbí, tí ẹ kò sì kọjá ẹja mọ́ láyé, kò sí ohun tó ṣe yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo mọ̀ ló dúró síbẹ̀.

Adìyẹ ló tẹ̀lé e. Adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ kiri lẹ́yìn ilé le, ó sì dùn. Adìyẹ oko onílé-adìyẹ rọ̀, kì í sì í pẹ́ lórí iná. Fún ẹni tó ń padà, adìyẹ ìbílẹ̀ ni mo máa ń yàn, nítorí omi rẹ̀. Ẹ bó awọ rẹ̀ kúrò nítorí ọ̀rá, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ fi atalẹ̀, ààyù, alùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, ẹ bò ó, kí ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ kéré títí ẹran yóò fi máa tú kúrò lára egungun. Ẹ fi omi yẹn se ìrẹsì tàbí kí ẹ dà á sórí ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Ẹ má ra adìyẹ inú yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tó ti wá. Ìjọba ti fòfin de kíkó irú rẹ̀ wọlé láti òkè òkun tipẹ́, èyí tó bá ṣì gba ẹ̀yìnkùnlé wọlé, a kò mọ iye ìgbà tó ti yọ́ tí wọ́n sì tún mú un dì lójú ọ̀nà.

Wàyí o, ọjà ẹran. Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń padà ti máa ń sá. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, eṣinṣin ń kùn, orí màlúù wà nílẹ̀ tó ń wò yín. Bí ojú yín kò bá gbà á, ẹ rán ẹni tó mọ ẹran rà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá máa lọ, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Ẹran tuntun máa ń pọ́n, ó máa ń dán, bí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, ó máa ń dìde padà. Èyí tó bá ti ń di dúdú, tí ó ń yọ̀ lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ ń kan, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹran ti yẹ̀ ẹ́ wò. Alápatà tí mo ń bá rà, Màláàmù ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní Ìyá Oníyán. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé tèmi ni mo wá rà, kì í ṣe ti oníbàárà, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ìyá Oníyán, ẹ̀yin fúnra yín?”

“Èmi ni, Màláàmù. Bá mi gé ibi tó rọ̀, tí kò lọ́ràá, tí kò níṣan. Má fi egungun kún un fún mi o.”

“Ẹ̀yìn ni màá gé fún yín, lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ máa wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Òótọ́ ló sọ. Ẹran ẹ̀yìn màlúù kì í ṣe iṣẹ́ púpọ̀, kì í le. Ẹran ẹsẹ̀ àti ọrùn le, àmọ́ bí ẹ bá fi wọ́n sórí iná kékeré fún ìgbà pípẹ́, wọ́n máa rọ̀ ju èyí tí ẹ rà lówó gọbọi lọ. Bó ti wù kó jẹ́, ẹ wo bí iṣan ẹran náà ṣe tò, kí ẹ gé e ní ìdábùú, kí ó má lọ gùn lẹ́nu. Eyín tí kò jẹ ẹran láti ọjọ́ pípẹ́ máa tètè rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dùn yín. Ẹ gé e kéré, kí ẹ sì jẹ ẹ́ kúnná.

Nípa òórùn: ewúrẹ́, pàápàá òbúkọ, máa ń run lọ́nà tí imú tó ti gbàgbé kò lè gbà. Màlúù fẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Bí ẹ bá ra ewúrẹ́, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi pẹ̀lú atalẹ̀ púpọ̀ àti alùbọ́sà, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, kí ẹ tó wá sè é ní tòótọ́ pẹ̀lú efinrin. Àwọn alásè ẹgbẹ́ mi á ní mo da adùn nù. Wọ́n lè máa wí.

Ẹran tí kò jinná dé inú kì í ṣe fún yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí inú ẹran dé nǹkan bí ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níbi tí a kò ti ní òṣùwọ̀n, ẹ gé èyí tó nípọn jù sí méjì kí ẹ wo àárín rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ pọ́n, omi rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀jẹ̀. Aràn pẹlẹbẹ kan ń gbé inú ẹran màlúù tí kò jinná, ti ẹlẹ́dẹ̀ sì tún burú jù ú lọ. Bí iná ìjọba bá lọ, tí fíríìjì ò sì ṣiṣẹ́, ẹ má fi ọbẹ̀ ẹran sílẹ̀ lórí tábìlì ju wákàtí méjì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń jẹ ẹ̀fọ́ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìwà yìí lára.  Ọbẹ̀ ẹran kò ní sùúrù. Bó bá máa dúró di alẹ́, ẹ gbé e kaná kó hó dáadáa.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí dókítà àti nọ́ọ̀sì kọ́ mi ni ti áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà inú ẹ̀jẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀wà, ó wà nínú òtílí, ó wà nínú ẹ̀fọ́, àmọ́ ara kì í rí i mú tán nínú wọn. Ti inú ẹran àti ẹja ló rọrùn fún un. Ibi tó dùn mọ́ mi ni pé bí a bá fi ẹran díẹ̀ tàbí ẹja díẹ̀ sínú ìkòkò ẹ̀wà kan náà, ara á tún lè mú púpọ̀ sí i nínú ti ẹ̀wà náà. Ọsàn tàbí ata tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Tíì lẹ́yìn oúnjẹ ló ń ba á jẹ́, kí ẹ jẹ́ kí wákàtí kan kọjá ná. Nítorí náà, òtílí tí màmá mi ń sè ní Ìyàrá, tó fi ẹja gbígbẹ tó ṣe é kà sí fún gbogbo ilé, kì í ṣe oúnjẹ aláìní lójú mi mọ́. Bí mo ṣe ń sè é fún ara mi nìyí di òní: òtílí kún ìkòkò, ẹran ò ju ohun tó kún àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ìwọ̀n náà kò sì gbọ́dọ̀ máa gòkè lọ láìnídìí. World Cancer Research Fund, àjọ kan tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ẹran pupa, ìyẹn màlúù, ewúrẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀, má ju nǹkan bí gíráàmù 350 sí 500 lọ lọ́sẹ̀ kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè é. Ní 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ àti oògùn tọ́jú sínú agolo tàbí ọ̀rá, bíi sọ́séèjì àti ẹran agolo, wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ kò jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹ fi máa bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Bí súyà bá sì wá wù yín lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ gé ibi tó jóná dúdú sọ nù.

Ẹ̀dọ̀ kún fún B12 àti áyọ́ọ̀nù, ó sì yá lórí iná. Ẹ wò ó kí ẹ tó rà á: èyí tó bá ní kókó, ihò tàbí kòkòrò pẹlẹbẹ nínú, ẹ má gbà á. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹ́ léraléra, fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ inú. Ṣàkì àti fùkù, ìgbà tí ikùn bá ti mọ́ra ni. Pọ̀nmọ́ dùn, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ fún ara ní nǹkan, bó bá sì jẹ́ táyà ni wọ́n fi sun irun rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹran ìgbẹ́, ọ̀yà tàbí ẹtu, ẹ má fi ṣe ìpadàbọ̀ yín. Èkúté ilé àti ti oko kì í ṣe oúnjẹ rárá, àrùn Lassa ń gbé lára irú kan nínú wọn, ó sì ti pa ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Kogí yìí.

Ti ikùn rọrùn. Ti àwọn ènìyàn ló gba ọgbọ́n. Lọ́dọ̀ wa, ẹran tí wọ́n fi sínú àwo yín ni wọ́n fi ń sọ bí ẹ ṣe tó lójú wọn. Lọ́jọ́ tí màmá mi gbọ́ pé mo ti ń jẹ ẹran, wọ́n pa àkùkọ. Wọ́n gbé itan méjèèjì àti àyà sí iwájú mi, wọ́n jókòó tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ ṣeun, ẹ máa jẹ àkùkọ mìíràn pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ bá mi dá ìyókù padà sínú ìkòkò.” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé èyí tó o?” Mo jẹ ẹyọ kan níṣojú wọn, mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ọwọ́. Ohun tí ojú àgbà fẹ́ rí nìyẹn. Wọn kì í kà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní “mi ò lè jẹ púpọ̀” kí ẹ tó fọwọ́ kàn án rárá, ẹ ti fa ìjàngbọ̀n.

Ẹ̀gbẹ́ kejì náà wà: àwọn tí ẹ jọ ń jẹ ẹ̀fọ́. Ẹ sọ fún wọn fúnra yín kí wọ́n tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìyá ilé tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Èkó, mo pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n béèrè nípa ẹsẹ̀ mi, a sì ń kíra títí di òní. Bó bá jẹ́ ẹ̀sìn ló ní kí ẹ má jẹ ẹ́, ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀sìn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Bó bá sì jẹ́ àánú ẹranko ló mú yín fi í sílẹ̀, àánú náà lè máa wà níbẹ̀: ẹ ra adìyẹ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ àgbàlá rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí oúnjẹ ṣòfò. Èmi náà ṣì ń jẹ ẹ̀wà àti wàrà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rí i bí ohun àjèjì.

Nípa ìnáwó, ẹ gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu alásè. Ẹran òde ìnáwó, a ti bọ̀ ọ́, a ti dín in nínú òróró jíjìn, a sì tún ti dà á sínú ọbẹ̀ ata olóròóró. Ikùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà kò lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ nílé kí ẹ tó jáde. Bí ẹ bá sì dé òde ní kùtù, ẹ má jókòó sábẹ́ kánópì kí ẹ máa retí àwo. Ẹ wá sí ẹ̀yìn ilé níbi tí a ti ń dáná, kí ẹ kí wa dáadáa, kí ẹ sọ pé ẹyọ kan nínú èyí tí a kò tíì dín ni ẹ fẹ́, pẹ̀lú omi rẹ̀. A máa ń ní in nínú ìkòkò títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ ti wọ òróró.